Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Pa Ìmọ́lẹ̀ Ọ̀rá Nínú Àwòrán MRI

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo lò ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́, wọ́n mú ọmọkùnrin kan wá tó fi orúnkún ṣèṣe lórí pápá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ti ya X-ray fún un, eegun rẹ̀ kò kán, síbẹ̀ kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Dókítà ní kó wá ya MRI. Àwòrán àkọ́kọ́ jáde: eegun itan funfun, eegun ojúgun funfun, ọ̀rá abẹ́ awọ náà funfun. Lójú tèmi, kò sí ohun tó ṣe eegun yẹn. Ọ̀gá tó ń darí ẹ̀rọ kò sọ nǹkan kan. Ó tẹ nǹkan díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, àwòrán kejì sì jáde. Gbogbo ohun tó funfun tẹ́lẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ibì kan ṣoṣo ní ìsàlẹ̀ eegun itan ló ń tàn, bí ìgbà tí èèyàn tan tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn. Eegun náà kò kán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti fara pa nínú.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán kejì ni wọ́n kọ STIR sí. Mo ti ka orúkọ yẹn nínú ìwé, ìwé náà sì sọ fún mi pé àwọn ọ̀nà tuntun ti dé lẹ́yìn rẹ̀. Mo wá bi ọ̀gá léèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé torí pé ẹ̀rọ wa kò lágbára ni ẹ ṣe ń lo ti àtijọ́?" Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó ní, "Kọ́kọ́ lọ wádìí ibi tí wọ́n ti bí i, kí o tó máa pè é ní ti àtijọ́."

Mo lọ wádìí. Ohun tí mo rí yí ọ̀nà tí mò ń gbà ronú nípa ẹ̀rọ tó wà nílé wa padà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ síbí fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde.

Òkòtó inú òòfà

Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀rọ MRI ń ṣe, nítorí ó ń gbọ́ ni kó tó yàwòrán. Háídrójìn pọ̀ nínú ara wa, inú omi àti inú ọ̀rá ló sì pọ̀ sí jù. Prótọ̀n tó wà láàárín háídrójìn kọ̀ọ̀kan dà bí òòfà kékeré. Bí a bá gbé e sínú òòfà ńlá, á máa yí bí òkòtó tí ọmọdé ta sílẹ̀. Agbára òòfà ńlá yẹn ló ń pinnu bí yóò ṣe yára tó. Nínú òòfà Tesla 1, ó ń yí ní ìgbà mílíọ̀nù 42.58 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ẹ̀rọ Tesla 1.5, tó wọ́pọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá káàkiri ayé, ó tó bíi mílíọ̀nù 64. Bí a bá fi ìgbì rédíò tó bá ìyára yẹn mu gẹ́lẹ́ kàn án, yóò gbà á sára, yóò sì yẹ̀ kúrò ní ìdúró rẹ̀. Bí a bá pa rédíò, òun náà á fi ìgbì tirẹ̀ dáhùn, á sì máa padà díẹ̀díẹ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìdáhùn yẹn ni ẹ̀rọ ń gbọ́.

Ẹgbẹ́ méjì ló kọ́kọ́ gbọ́ ìdáhùn yìí nínú àwọn nǹkan tí à ń fojú rí lójoojúmọ́, ẹgbẹ́ kìíní kò sì mọ̀ pé èkejì ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ní December 1945, ní Harvard, Edward Purcell, Henry Torrey àti Robert Pound gbé páráfíìnì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, sínú òòfà. Prótọ̀n inú rẹ̀ dáhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1946, ní Stanford, ní ìpẹ̀kun kejì Amẹ́ríkà, Felix Bloch, William Hansen àti Martin Packard gbọ́ tiwọn láti inú omi. Ní 1952, Bloch àti Purcell jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Káábọ̀n àti háídrójìn tí wọ́n so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n ni páráfíìnì, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìrù ọ̀rá inú ara wa ṣe rí. Ẹgbẹ́ kan gbọ́ ohùn ìbátan ọ̀rá, ẹgbẹ́ kejì gbọ́ ohùn omi. Láti ọjọ́ tí ìmọ̀ yìí ti délé ayé ni ọ̀rá àti omi ti jọ wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó fura pé ohùn àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra.

Ìyọnu àwọn onífísíìsì

Ní 1950, ní Stanford, Warren Proctor àti Fu Chun Yu fẹ́ wọn òòfà nàítrójìn. Wọ́n lo ammonium nitrate, torí pé nàítrójìn wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ìlà kan ni wọ́n ń retí, ìlà méjì ni wọ́n rí. Ní ọdún yẹn kan náà, W. C. Dickinson rí irú rẹ̀ nínú flúórínì. Inú àwọn onífísíìsì kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Wọ́n fẹ́ mọ bí òòfà inú nàítrójìn ṣe rí gan-an, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì dúró sójú kan. Èyí tí wọ́n rí ń yí padà bí ohun tí nàítrójìn so mọ́ bá ṣe yí padà. Lójú wọn, ìdọ̀tí ló kó sínú ìwọ̀n wọn.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ìdọ̀tí yẹn di ìṣúra. Ní 1951, James Arnold, Packard àti S. S. Dharmatti, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Stanford, gbé ethanol sínú òòfà. Ọtí tó wà nínú ògógóró gan-an nìyẹn. Ìlà mẹ́ta ni wọ́n rí, títóbi wọn sì jẹ́ 3, 2 àti 1. Ethanol ní háídrójìn mẹ́ta lára káábọ̀n kan, méjì lára káábọ̀n kejì, àti ẹyọ kan lára ọ́síjìn. Ìyẹn ni pé háídrójìn kọ̀ọ̀kan ń sọ ilé tó ń gbé.

Kí ló fà á? Àwọn ẹlẹ́kítírọ̀n tó yí prótọ̀n ká dà bí agbòjò: wọ́n ń dí díẹ̀ nínú agbára òòfà lójú rẹ̀. Nínú omi, ọ́síjìn ni háídrójìn so mọ́, ọ́síjìn sì máa ń fa ẹlẹ́kítírọ̀n sọ́dọ̀ ara rẹ̀, agbòjò háídrójìn á wá fẹ́lẹ́. Nínú ọ̀rá, káábọ̀n kì í fà tó bẹ́ẹ̀, agbòjò á nípọn díẹ̀ sí i. Nítorí náà, prótọ̀n inú ọ̀rá máa ń yí pẹ̀lẹ́ ju ti inú omi lọ. Ìyàtọ̀ náà kò ju nǹkan bíi 3.5 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Bí omi bá yí ní ìgbà mílíọ̀nù kan, ọ̀rá á yí ní ìgbà 999,996 àti ààbọ̀. Nínú òòfà Tesla 1.5, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 220 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìyàtọ̀ tín-ín-rín yìí ni gbogbo ìtàn tó kù dúró lé.

Nígbà tí àwòrán dé

Ní 1973, Paul Lauterbur tẹ àwòrán kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Àwòrán ìgò tẹẹrẹ méjì tí omi wà nínú wọn ni. Ọgbọ́n tó dá ni pé kí òòfà má ṣe lágbára bákan náà níbi gbogbo. Bó bá lágbára díẹ̀ sí i lápá ọ̀tún ju apá òsì lọ, prótọ̀n apá ọ̀tún á yára ju ti apá òsì lọ, ẹ̀rọ á sì fi ìyára mọ ibi tí ohùn ti wá. Ìyára ti di àdírẹ́sì.

Ó ṣiṣẹ́ fún ìgò omi. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya èèyàn, ọ̀rá dá wàhálà sílẹ̀. Ìyára ni ẹ̀rọ fi ń mọ àdírẹ́sì, ọ̀rá sì ń yí pẹ̀lẹ́ ju omi lọ níbi tí wọ́n jọ wà, nítorí náà ẹ̀rọ á gbé ọ̀rá lọ sí ibòmíràn, bí lẹ́tà tí wọ́n fi jíṣẹ́ sí ilé kejì. Bí wọ́n bá ya kíndìnrín, tí ọ̀rá yí ká, ìlà dúdú á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rẹ̀, ìlà funfun á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Kò sí ìlà kankan nínú ara èèyàn náà.

Wàhálà kejì ló burú jù: ọ̀rá máa ń tàn. Lẹ́yìn tí rédíò bá ti kan prótọ̀n, àkókò tí yóò fi padà sí ìdúró rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní T1. Nínú òòfà Tesla 1.5, T1 ọ̀rá kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, nígbà tí ti iṣan ara súnmọ́ ìṣẹ́jú àáyá kan odindi. Ẹni tó bá tètè dìde ló máa ń rí àyè dáhùn lẹ́ẹ̀kan sí i, ìdí nìyẹn tí ọ̀rá fi máa ń funfun. Ẹ wá rò ó wò. Lára àgbàlagbà, ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú mùdùnmúdùn eegun ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ọ̀rá ló yí iṣan ojú ká nínú ihò ojú. Ọ̀rá pọ̀ nínú ọmú. Ibi tí àìsàn bá sì wà, omi ló sábà máa ń kó jọ síbẹ̀. Láti wá omi díẹ̀ nínú ọ̀rá tó ń tàn dà bí ìgbà tí èèyàn ń wá iná àbẹ́là lọ́sàn-án gangan. Bí ẹ bá fẹ́ rí àbẹ́là, ẹ ní láti jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú.

Ọdún méjì, ọ̀nà mẹ́ta

Láàárín 1984 àti 1985, wọ́n tẹ ọ̀nà mẹ́ta jáde tí wọ́n lè fi mú kí ilẹ̀ ṣú. Àwọn tó ṣe é kò sí nínú ilé kan náà, ọgbọ́n wọn kò sì jọra.

Ti W. Thomas Dixon ló kọ́kọ́ jáde, ní 1984, nínú ìwé ìròyìn Radiology. Ẹ fojú inú wo ọmọ méjì tó ń sáré yí pápá ká. Ọ̀kan fi díẹ̀ yára ju èkejì lọ. Bí wọ́n bá jọ bẹ̀rẹ̀, ó máa tó ìgbà kan tí èyí tó yára á wà ní ìhín, tí èkejì á wà ní ọ̀hún, wọ́n á kọjú síra. Ó tún máa tó ìgbà tí wọ́n á jọ wà lójú kan. Bẹ́ẹ̀ ni omi àti ọ̀rá. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, a ó pe ìdá kọ̀ọ̀kan ní mílísẹ́kọ́ǹdì. Nínú òòfà Tesla 1.5, omi àti ọ̀rá á kọjú síra ní nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 2.3, wọ́n á sì tún pàdé ní nǹkan bíi 4.6. Dixon ní kí a ya àwòrán kan nígbà tí wọ́n pàdé, ìyẹn omi pẹ̀lú ọ̀rá, kí a sì ya èkejì nígbà tí wọ́n kọjú síra, ìyẹn omi tí a yọ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀, omi nìkan ló kù. Bí a bá yọ ọ̀kan nínú èkejì, ọ̀rá nìkan ló kù. Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọ̀nà kejì wá láti Göttingen ní Jámánì, ní 1985. Axel Haase, Jens Frahm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pè é ní CHESS. Òòfà tó lágbára gan-an ni wọ́n ní lọ́wọ́, nítorí náà ohùn ọ̀rá àti ohùn omi jìnnà síra dáadáa lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n lo ìgbì rédíò tó bá ìyára ọ̀rá nìkan mu. Ìbejì ni omi àti ọ̀rá, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá pe Táyé, Kẹ́hìndé kò ní dáhùn. Wọ́n pe ọ̀rá nìkan, ọ̀rá dìde, wọ́n tú ohùn rẹ̀ ká títí kò fi ní agbára mọ́, wọ́n sì yára ya omi kí ọ̀rá tó padà bọ̀ sípò.

Ọ̀nà kẹta wá láti ilé ìwòsàn Hammersmith ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1985 kan náà. Graeme Bydder, dókítà ọmọ New Zealand, àti Ian Young, onífísíìsì, ni wọ́n wà nídìí rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi rédíò dojú gbogbo prótọ̀n délẹ̀, ti omi àti ti ọ̀rá, wọ́n sì dúró. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìta wá sínú ilé gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, nígbà tó bá sì wà lórí ìloro, kò sí níta, kò sí nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni prótọ̀n tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀: bó ṣe ń padà, ó gbọ́dọ̀ gba òdo kọjá, nígbà tó bá sì wà ní òdo, kò ní ohùn rárá. Ọ̀rá ló ń yára padà, nítorí náà òun ló ń kọ́kọ́ dé òdo. Nínú òòfà Tesla 1.5, ó máa ń débẹ̀ ní nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 150 sí 170. Bí wọ́n bá ya àwòrán ní àkókò yẹn gẹ́lẹ́, ọ̀rá á dúdú. Omi ṣì dojú délẹ̀ nígbà náà, ohùn rẹ̀ sì ṣì le. Ohun tó tún dùn mọ́ àwọn ará Hammersmith nínú ni pé ibi tí ara bá ti ṣàìsàn, tí omi kó sí, ni ohùn ti ń le jù lọ. Ọ̀nà yìí ń pa ọ̀rá, ó sì tún ń tan iná sí àìsàn. Òun ni wọ́n sọ ní STIR.

Ohun tó sọ ọ́ di dandan

Fún ìgbà díẹ̀, àwọn dókítà kan ṣì lè ṣe láìlo èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nǹkan méjì ló yí i padà.

Àkọ́kọ́ ni ìyára. Ní 1986, Jürgen Hennig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Freiburg gbé ọ̀nà kan jáde tó ń gba ìdáhùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n pè é ní RARE. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ gbà á wọlé, àwòrán tó ń gba ìṣẹ́jú púpọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ti ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán kíákíá yìí, ọ̀rá tún wá ń tàn ju bó ṣe ń tàn nínú ti àtijọ́ lọ. Omi tó yẹ kó dá yàtọ̀ wá dà bí ọ̀rá. Ẹni tó bá fẹ́ àwòrán kíákíá gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rá.

Ìkejì ni gadolinium, oògùn tí wọ́n ń fún sínú iṣan kí jẹjẹrẹ àti ibi tó wú lè tàn. Wọ́n fọwọ́ sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1988. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gé T1 kúrú, ibi tó bá wọ̀ á sì funfun. Bí kókó kan bá wá wà láàárín ọ̀rá ọmú tàbí lẹ́yìn ẹyinjú, funfun á wà nínú funfun. Oògùn tí wọ́n fún aláìsàn kí wọ́n lè rí àìsàn á wá fi àìsàn náà pamọ́. Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ pa ọ̀rá.

Ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ti ń kọ́

Àgbà ìlù kan kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń kàwé lọ ni mo ń rí i pé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti ń tàn èèyàn jẹ, bí a kò bá sì mọ ibẹ̀, aláìsàn ló máa jìyà rẹ̀.

CHESS ń fi orúkọ pe ọ̀rá, nítorí náà ohùn gbọ́dọ̀ já gaara. Bí òòfà kò bá dọ́gba níbi kan, bíi ọrùn, tàbí ibi tí atẹ́gùn àti ẹran ara ti pàdé, tàbí ẹ̀gbẹ́ irin tí wọ́n fi to eegun, ìyára gbogbo prótọ̀n tó wà níbẹ̀ á yí padà. Ìyàtọ̀ ọ̀rá àti omi kò sì ju 3.5 nínú mílíọ̀nù lọ. Wọ́n á pe Táyé, Kẹ́hìndé á dáhùn. Ẹ̀rọ á pa omi, á fi ọ̀rá sílẹ̀ kó máa tàn, ẹni tí kò bá mọ̀ á sì rò pé àìsàn lòún rí.

STIR kò bìkítà bóyá òòfà dọ́gba tàbí kò dọ́gba, torí pé àkókò ló ń wò, kò wo orúkọ. Àléébù rẹ̀ wà níbẹ̀ náà. Ohunkóhun tí T1 rẹ̀ bá ti jọ ti ọ̀rá, á pa á pọ̀ mọ́ ọ̀rá. Gadolinium ń gé T1 kúrú, a ti sọ ìyẹn. Bí wọ́n bá fún èèyàn ní gadolinium tán, tí wọ́n wá ya STIR, kókó jẹjẹrẹ tó gba oògùn náà sára lè dúdú pátá. Àwòrán á mọ́ tónítóní, aláìsàn á sì lọ sílé pẹ̀lú jẹjẹrẹ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún wa ní kíláàsì pé a kì í lo STIR lẹ́yìn gadolinium. Mo ti há òfin yẹn sórí kí n tó mọ ìdí rẹ̀.

Ti Dixon ló pẹ́ jù kí ó tó gbilẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn bí òòfà bá dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, ẹ̀rọ kò ní mọ èwo ni omi, èwo ni ọ̀rá, á sì fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì. Ní 1991, Gary Glover àti Erika Schneider fi àwòrán kẹta kún un, kí ẹ̀rọ lè mọ bí òòfà ṣe yẹ̀ tó níbi kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọdún 2000 sí 2005, Scott Reeder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe sí i, kọ̀ǹpútà náà sì ti lágbára tó láti ṣe é kíákíá. Ogún ọdún ni èrò 1984 fi dúró de kọ̀ǹpútà tó lè gbé e.

Ohun tó dára jù nínú ti Dixon ni pé kì í kan pa ọ̀rá, ó ń fún wa ní àwòrán ọ̀rá lọ́tọ̀. Ní 1984 yẹn kan náà, òun àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lò ó láti fi ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ hàn. Lónìí, ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi ń wọn iye ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀dọ̀ èèyàn láìfi abẹ́rẹ́ gún un. Nǹkan tí wọ́n ń sá fún ti di nǹkan tí wọ́n ń wá.

Ibi tí wọ́n ti bí STIR

Mo wá padà sí ìbéèrè ọ̀gá. Níbo ni wọ́n ti bí STIR? Hammersmith, a ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú òòfà wo ni wọ́n ní níbẹ̀?

Tesla 0.15 ni.

Mo ní láti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2018, Godwin Ogbole ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀rọ MRI ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì hàn nínú rẹ̀ pé àwọn ẹ̀rọ tí òòfà wọn kò lágbára ló pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Tesla 0.2 tàbí 0.3 ni irú wọn sábà máa ń jẹ́. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ tí mo tijú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn wa ní agbára ju èyí tí wọ́n fi dá STIR sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Nínú òòfà Tesla 1.5, ohùn ọ̀rá àti ti omi fi 220 yàtọ̀ síra. Nínú Tesla 0.3, ìyàtọ̀ náà ti di 45 péré. Nínú Tesla 0.15 ti Hammersmith, 22 ni. Ohùn Táyé àti ti Kẹ́hìndé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan, kò sí bí èèyàn ṣe lè fi orúkọ pè wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó dá a lójú. Bydder àti Young kò lè ṣe ohun tí àwọn ará Göttingen ṣe. Wọ́n wá ọ̀nà tí kò nílò kí ohùn méjèèjì jìnnà síra. Ọ̀nà náà sì bá òòfà tí kò lágbára mu, torí pé inú irú òòfà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti bí i.

Àwọn àgbà ní, bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Tẹ́lẹ̀, lójú mi, òòbẹ̀ ni STIR: ohun tí à ń lò torí pé ọwọ́ wa kò tó èyí tó dára. Mo ṣì í. Fún orúnkún ọmọkùnrin yẹn, nínú ẹ̀rọ yẹn, àdán gan-an ni.

N kò sọ pé ká máa yin àìní o. Òòfà tó lágbára ń ya àwòrán tó mọ́ jù, láàárín àkókò tó kéré sí i. Àwòrán STIR kì í mọ́ tó ti àwọn yòókù, ó sì máa ń pẹ́, aláìsàn tí ara ń ro kò sì lè dùbúlẹ̀ láìmira títí lọ. Ilé ìwòsàn wa nílò ẹ̀rọ tó ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ, ó sì yẹ ká máa béèrè fún un. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń dúró dè é, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú èyí tó wà nílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rò pé ìmọ̀ ọwọ́ òun kéré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ọ̀nà wo ló bá òòfà wo mu, ara wo, àti ìbéèrè wo. Ẹni tó bá kàn há orúkọ ọ̀nà tuntun sórí kò tíì mọ iṣẹ́. Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ bá ọ̀gá. Mo ní, "Ọ̀gá, Tesla 0.15 ni." Ó wò mí, ó ní, "Ṣé o ti wá rí i báyìí." Ó fa àga kan jáde fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, ó ní kí n fúnra mi yan àkókò STIR fún aláìsàn tó kàn. Mo rántí pé nínú òòfà tí kò lágbára, T1 ọ̀rá máa ń kúrú sí i, nítorí náà n kò lo 160 tó wà nínú ìwé. Mo dín in kù. Àwòrán jáde, ọ̀rá dúdú.

Ọ̀gá kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ní kí n pe ẹni tó kàn wọlé.